Àrùn ò ní páàsípọ́ọ̀tù, ìwé ìròyìn ló ń bá a ṣe é

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníròyìn àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Òkè-Ìléwó, Abẹ́òkúta nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí i nísàlẹ̀.)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe ọmọ Lísàbí ṣùgbọ́n tí Abẹ́òkúta ti gbà yín mọ́ra. Alága, ẹ ṣeun. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìròyìn àti ìfẹ́ orílẹ̀-èdè nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, mo sì mọ̀ pé irú àkọlé bẹ́ẹ̀ tó ohun tó ń kun èèyàn lóorun lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, torí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀.

27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá a lára ẹ̀ jẹ́ ọmọ Ítálì kan tó wá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Ewékorò níbí yìí o, ojú ọ̀nà Èkó, ibi tá a máa ń yára yí gíláàsì mọ́tò sókè torí eruku. Ọkùnrin náà ti Milan wọ bàálù, ó gba Istanbul, ó sọ̀ sí Èkó, ó sùn síbẹ̀ mọ́jú, ó dé Ewékorò, ara ẹ̀ ò yá, wọ́n gbé e padà lọ sí ọsibítù ní Yaba, wọ́n tọ́jú ẹ̀, ara ẹ̀ yá. Ìtàn yẹn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ rántí àkọlé ìwé ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì àti àárọ̀ tó tẹ̀ lé e: ará Ítálì, ará Ítálì, ará Ítálì. Èèyàn á rò pé Ítálì gan-an lorúkọ àìsàn náà.

Mi ò sọ pé wọ́n parọ́ o. Ará Ítálì ni lóòótọ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kẹta, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń bá a lára wọn ti di ọmọ wa, ọmọ Nàìjíríà pọ́ńbélé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London tàbí Amẹ́ríkà dé. Ṣé ẹ rí àkọlé kankan tó ní ọmọ Nàìjíríà kó kòrónà wọ̀lú? Èmi ò rí i. Wọ́n di "arìnrìn-àjò", wọ́n di "ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun", àwọn tó lówó nínú wọn tiẹ̀ di "gbajúmọ̀ kan tá a forúkọ bò láṣìírí". Àlejò ló ń ru ìlú ẹ̀ lórí kiri, onílé ò ru nǹkan kan.

Ohun tí mo bá wá síbí ò ju ìyẹn náà lọ. Tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, ìbéèrè tí ìwé ìròyìn kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé ọmọ ibo ló gbé e wá, tó bá sì ti rí ìdáhùn yẹn gbà báyìí, ó máa ń dà bíi pé iṣẹ́ ti parí, kò ní béèrè ìyókù mọ́, ìyókù yẹn sì lọ̀rọ̀ wà: ọsibítù ìjọba tó wà ládùúgbò ńkọ́, ṣé nọ́ọ̀sì ní ìbọ̀wọ́, ta ló ń ka òkú, ta ló ń náwó tí wọ́n ní àwọn ná.

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní Ṣàpọ́n láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Èrò á pé jọ, ẹni tó fẹ́ ra á ò ní ju ẹnì kan tàbí méjì lọ, àwọn yòókù, fírí-rídà ni wọ́n. Wọn ò lè ṣí inú ẹ̀ wò torí fẹ́ńdọ̀ ti gbé òkúta lé e kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, ojú ẹ̀ sì wà lára wọn. Àkọlé ni wọ́n ń kà, àti fọ́tò. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan lóṣù Kẹta ọdún yẹn, bàbá kan ka àkọlé tán, ó pòṣé, ó ní àwọn òyìnbó tún ti kó tiwọn dé. Ọlọ́kadà kan ní kì í ṣe òyìnbó o bàbá, ará Ṣáínà ni, àwọn ni wọ́n ń jẹ àdán. Ẹlòmíì ní ará Ṣáínà kọ́, ará Èkó ni, kí gómìnà yáa ti ọ̀nà Sango pa. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn pariwo pé kí wọ́n ti bọ́dà, kí wọ́n ti bọ́dà, gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Fẹ́ńdọ̀ ní tí wọn ò bá ra, kí wọ́n má fọwọ́ kòrónà pa bébà òun lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rántí o, bọ́dà orí ilẹ̀ ti wà ní títì láti oṣù Kẹjọ 2019 nítorí ìrẹsì, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i títí di oṣù Kejìlá 2020. Bọ́dà tó wà ní títì ni wọ́n ń sọ pé kí wọ́n tì. Bàálù ni àìsàn wọ̀ dé. Tí ìwé ìròyìn tó wà níwájú wọn yẹn bá ti kọ èyí sínú àkọlé, àríyànjiyàn àárọ̀ ọjọ́ yẹn ì bá gba ibòmíì lọ, bóyá wọn ì bá tiẹ̀ bi ara wọn pé omi ẹ̀rọ tí wọ́n ní ká máa fi fọwọ́ yìí, ìgbà wo ló yọ kẹ́yìn ládùúgbò wọn. Torí ọ̀pọ̀ ará ìlú ò kà ju àkọlé lọ, tàbí kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn lórí rédíò láàárọ̀, òun náà á sì ti bu ata tiẹ̀ sí i.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká ṣe bíi pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú tá a jókòó sí yìí ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá lọ́dún 1859, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta á, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde. Nígbà tí Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde ní 1867, tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé, ìwé náà bá ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ta ni tiwa, ta ni kì í ṣe tiwa, ti wọ inú iṣẹ́ ìwé ìròyìn nílẹ̀ yìí.

Kì í sì í ṣe pé ìfẹ́ ìlú burú nínú ìwé ìròyìn o, ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Ní 1908, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó fẹ́ fa omi ẹ̀rọ, wọ́n sì fẹ́ káwọn ará Èkó san owó orí lé e lórí. Ta ló dìde? Dókítà méjì, John Randle àti Orisadipe Obasa, àwọn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Herbert Macaulay náà gbé ọ̀rọ̀ omi yìí nílẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn tó jẹ́ ti èèyàn dúdú náà ò sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni ni, méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn. Àmọ́ ẹ wo ìbéèrè tí wọ́n ń bi ìjọba: ta ló máa sanwó, ta ló máa mu ún, ṣé tìtorí ilé àwọn òyìnbó lẹ ṣe ń fa á? Nígbà tí àrùn tó ń ti ara eku wá jà l'Ékòó láti 1924 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé, tí wọ́n tiẹ̀ dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò, irú ìbéèrè yẹn náà ló tún jáde, pé ẹni tẹ́ ẹ wó ilé ẹ̀, ibo ló ń lọ. Ẹni tí àpò wa wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n dojú kọ. Lọ́jọ́ òní, ẹni tó jìnnà sí wa jù là ń dojú kọ, ẹni tí kò lè ka ìwé ìròyìn wa, tí kò sì lè pè wá lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀fìnkìn 1918 díẹ̀ torí mo fẹ́ràn ìtàn ẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ja Ogun Àgbáyé Kìíní, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Amẹ́ríkà, wọ́n ti di ẹnu ìwé ìròyìn wọn, wọn ò fẹ́ kí ọ̀tá gbọ́ pé ọ̀fìnkìn ń pa sójà wọn bí ẹní pa eṣinṣin. Sípéènì ò bá wọn jagun. Àwọn oníròyìn ibẹ̀ ń kọ ohun tí wọ́n rí, pàápàá nígbà tí Ọba Alfonso wọn fúnra ẹ̀ dùbúlẹ̀. Ló bá di pé gbogbo ayé ń gbọ́ ọ láti Sípéènì nìkan, wọ́n bá sọ ọ́ ní àrùn Sípéènì, orúkọ yẹn ò sì kúrò lára wọn títí dòní. Ẹni tó sọ òótọ́ ló jẹ gbèsè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, mo ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Àìsàn yẹn gba ojú omi wọ Èkó lóṣù Kẹsàn-án 1918, ó tẹ̀ lé rélùwéè wọ inú ilẹ̀ wá. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ níbí nígbà yẹn: Ogun Adubi, tí Ẹ̀gbá bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà, oṣù Kẹfà sí oṣù Keje ọdún kan náà. Ìjọba tó yìnbọn lù yín lóṣù Keje, tó bá ní kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn fún dókítà òun lóṣù Kẹwàá, ṣé ẹ máa ṣí i? Èmi ò ní ṣí i. Kí n tó gbàgbé, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Ẹ̀gbá kórìíra àlejò, Fàdá Coquard tó ṣe ọsibítù ní Lántoro láti 1895, ọmọ Faransé ni, àwọn Ẹ̀gbá ló ń gbé aláìsàn wọn lọ bá a.

Ó yá, Ebola. Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí, torí ìbínú sí àlejò rọrùn láti rí, àmọ́ ìgbéraga ló máa ń fojú wa bọlẹ̀ jù láìmọ̀.

Patrick Sawyer dé láti Liberia lọ́jọ́ 20 oṣù Keje 2014, ó ṣubú ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan ní Obalende. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀, ó ní Sawyer ò ní kúrò níbẹ̀, bí àwọn aláṣẹ Liberia ṣe ń fínná mọ́ ọn tó náà. Sawyer kú lọ́jọ́ 25. Adadevoh fúnra ẹ̀ kú lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Látìgbà yẹn, ohun méjì ni ìwé ìròyìn wa ń gbé: ará Liberia burúkú yẹn, àti akọni obìnrin wa. Ààrẹ Jonathan pe Sawyer ní wèrè lójú gbogbo ayé, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e síwájú gàdàgbà. Nígbà tó di 20 oṣù Kẹwàá, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní Ebola ti tán ní Nàìjíríà, 20 èèyàn ló mú, 8 ló kú, àsíá wá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú ìwé ìròyìn, Nàìjíríà ti ṣẹ́gun, ẹ wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára wa.

Inú tèmi náà dùn o, mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò dùn. Obìnrin yẹn tọ́ sí gbogbo ìyìn tí wọ́n fún un àti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọsibítù aládàáni ni wọ́n gbé ẹni tó ṣubú ní pápákọ̀ ìjọba lọ? Ìdí ni pé àwọn dókítà ìjọba wà nínú ìyanṣẹ́lódì láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Ìlẹ̀kùn ọsibítù ìjọba wà ní títì. Láàárín oṣù Kẹjọ yẹn, tí Ebola ń jà lọ́wọ́, ìjọba àpapọ̀ tún lé àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ dànù, iye wọn tó 16,000. Ẹ tún ìyẹn gbọ́. Dókítà kan ń kú lọ nítorí wa, dókítà 16,000 ń gba lẹ́tà pé kí wọ́n máa lọ. Ìwé ìròyìn gbé méjèèjì, òótọ́ ni, àmọ́ ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé wọn sí, bíi pé wọn ò bára wọn tan.

Ohun tó sì pa iná yẹn gan-an, ta ló kọ nípa ẹ̀ dáadáa? Àwọn kan wà tí wọ́n ń rìn láti ilé dé ilé. Wọ́n wá àwọn tó fara kan aláìsàn kàn, 894 èèyàn, wọ́n ń lọ wò wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n ń ki tẹmomítà bọ̀ wọ́n lára, ìbẹ̀wò tí wọ́n ṣe tó 18,500. Ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún rọpárọsẹ̀ ọmọdé, ìyẹn pólíò, ni wọ́n yí padà sí ti Ebola, ètò tí ọmọ Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí owó òkèèrè sì wà nínú ẹ̀. Ìyẹn ò bá àkọlé àsíá mu. Ẹni tó wọ bàtà gbígbó, tó mú bírò àti ìwé dání, tó ń kanlẹ̀kùn tí wọ́n ń bú u, kì í ṣe fọ́tò tó ń ta ìwé. Nígbà tí kòrónà wá dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo gbọ́ ọ lẹ́nu oníròyìn tó dàgbà tó láti mọ̀ dáadáa pé a ti ṣe Ebola, kí ni kòrónà. Ibi tí ìgbéraga gbé èèyàn dé nìyẹn, ó rántí pé a borí, kò rántí bá a ṣe borí.

Nígbà tí Ebola yẹn ń lọ lọ́wọ́, tá a ṣì ń bú Liberia, àwọn ọmọ wa tó lọ ṣeré ìdárayá Olympics àwọn ọ̀dọ́ ní Nanjing ní Ṣáínà kúrò nínú eré nítorí ọ̀rọ̀ Ebola, àwọn àti ọmọ Sierra Leone. Lójú ẹni tó wà ní Nanjing, Èkó àti Monrovia ò yàtọ̀ síra.

Ẹ wá rántí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi pamọ́. Oṣù Kọkànlá 2021, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Gúúsù Áfíríkà àti Botswana rí kòrónà oríṣi tuntun, wọ́n sì sọ fún ayé lójú ẹsẹ̀. Kí ni wọ́n fi san án fún wọn? Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìwé ìròyìn kan ní Jámánì kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ pé fáírọ́ọ̀sì láti Áfíríkà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn, ọ̀kan ní Sípéènì ya fáírọ́ọ̀sì sínú ọkọ̀ ojú omi bí àwọn tó ń sá wọ Yúróòpù. Àwọn méjèèjì ní ká má bínú lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀ ni o, Sípéènì, tí wọ́n ti fi irú ẹ̀ jẹ ẹ́ níyà ní 1918.

Lọ́jọ́ 6 oṣù Kejìlá, Gẹ̀ẹ́sì fi Nàìjíríà sí àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn ò fẹ́ rí. Ọmọ wa níbí, Alhaji Sarafa Tunji Isola, ni aṣojú Nàìjíríà ní London nígbà náà, ó bọ́ sí BBC, ó ní ìyàsọ́tọ̀ bíi ti àwọn òyìnbó Gúúsù Áfíríkà àtijọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ yẹn gba gbogbo ojú ìwé ìròyìn wa, ó sì yẹ kó gbà á, mo pàtẹ́wọ́ nílé mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀, Gẹ̀ẹ́sì yọ gbogbo orílẹ̀-èdè kúrò nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbínú yẹn ń lọ, kò tí ì tó ọmọ Nàìjíríà 5 nínú 100 tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Nígbà tó di 22 oṣù Kejìlá kan náà, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 1 tí ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀ lọ dà nù ní Àbújá. Àwọn òyìnbó ló fi èyí tó kù díẹ̀ kó bàjẹ́ ta wá lọ́rẹ, òótọ́ ni, ẹ bú wọn. Àmọ́ ojú ọjọ́ wà lára páálí ẹ̀ kedere, ẹni tó gbà á wọlé níbí náà lójú, ta ló lọ bi í léèrè?

Ti monkeypox 2022 náà ò jìnnà sí èyí, Yúróòpù ni àìsàn ti ń ràn nígbà yẹn, fọ́tò ọwọ́ èèyàn dúdú ni wọ́n ń lò, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè tó wà ní Áfíríkà sì bá wọn wí. Ó dáa. Ẹ wá lọ wo àwọn ìwé ìròyìn tiwa lóṣù yẹn. Fọ́tò kan náà ni. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa ti ń rà á.

Kí n tó jókòó, ẹ má rò pé orílẹ̀-èdè nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń bá jà. Nínú ilé ńkọ́? Ní 2020, NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn, máa ń gbé iye èèyàn jáde lálaalẹ́, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, àwa náà sì ń kà á bíi tábìlì Premier League, Èkó ló wà lókè, Àbújá àti Kano ń tẹ̀ lé e, Kogi ò tí ì gbá góòlù kankan. Kogi ń fi òdo ṣe fáàrí títí di ìparí oṣù Karùn-ún, Cross River tún pẹ́ jù ú lọ, àwọn ìwé ìròyìn kan sì ń kan sáárá sí wọn dípò kí wọ́n béèrè pé àyẹ̀wò mélòó lẹ ti ṣe. Ẹni tí kò wọn ara ẹ̀, ó máa sọ pé ibà ò ṣe òun. Lákòókò yẹn náà ni àwọn gómìnà ìlú Hausa ń kó àwọn ọmọ almájìrì padà sílùú wọn, tí àwọn ìpínlẹ̀ níhìn-ín sì ń dá tírélà padà. Àkọlé wa nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò ó. Bí ẹni pé ogun ń bọ̀. Ọmọdé ni wọ́n o, ọmọdé tí ebi ń pa, wọ́n kó wọn mọ́ra bí iṣu, èmi ò rántí ìròyìn kan ní gúúsù níbí tí wọ́n ti bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn pé kí lorúkọ ẹ.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bi mí ní ìbéèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní tí a ò bá kọ orílẹ̀-èdè ẹni náà, ṣé a ò ti máa fi òótọ́ pamọ́ fáwọn tó ń ra ìwé? Mo ní rárá, ẹ kọ ọ́, àmọ́ ẹ bi ara yín pé kí ni ẹni tó kà á máa fi ṣe. Tẹ́ ẹ bá kọ pé bàálù báyìí ló wọ̀, ọjọ́ báyìí ló balẹ̀, ilé báyìí ló sùn, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa pè tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀ nìyí, ẹnì kan lè torí ẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò. Tẹ́ ẹ bá kọ pé ará Ítálì ni, ẹni tó kà á á kàn máa yẹra fún òyìnbó tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ní Olúmọ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ẹdítọ̀ kan dìde, kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu mi ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mò ń san owó oṣù, pé ìròyìn àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn òkèèrè bíi Reuters àti AFP ti wà nílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ríran ripọ́tà lọ sí ìgbèríko sì jẹ́ owó epo, owó oúnjẹ, àti ọjọ́ méjì tí kò ní sí nílé iṣẹ́. Mo gbà fún un. Mi ò lẹ́sì tó le lórí ìyẹn, àfi pé ilé iṣẹ́ mẹ́ta lè dáwó epo jọ kí wọ́n rán ẹyọ ẹnì kan, kí wọ́n sì jọ lo ohun tó bá mú bọ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ mẹ́ta wo ní Abẹ́òkúta ló ń bára wọn sọ̀rọ̀? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ó sì mọ ohun tó ń sọ.

Ẹni tó kẹ́yìn jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ìmẹ̀kọ. Ó ní àwọn mọ̀lẹ́bí ìyá òun wà ní Kétu lọ́hùn-ún, ní orílẹ̀-èdè Benin, Yorùbá kan náà, ọjà kan náà, wọ́n ń wá sí ìsìnkú, wọ́n ń wá sí ìkómọ, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ àìsàn bá ti délẹ̀, ìwé ìròyìn á ní "àwọn ará Benin" ló kó o wọlé, ó ní nígbà náà, kí ni kóun pe ara òun? Mo ní ìyẹn ju tèmi lọ, àmọ́ mo bi í bóyá ó mọ oníròyìn kankan ní Kétu tàbí Pobè, torí tí oníròyìn Ìmẹ̀kọ bá lè pe ti Kétu lórí fóònù, kó bi í lédè Yorùbá pé kí lẹ ń rí nílé ìwòsàn yín lọ́sẹ̀ yìí, ìyẹn ju ohun tí bọ́dà títì á ṣe lọ. Ó ní òun ní nọ́ńbà ẹni méjì, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ rédíò, èkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ní kó kọ ti oníròyìn fún àwọn tó jókòó lẹ́yìn ẹ̀, kó sì kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ná.